Arúgbó Méjì tí Yìnyín So Pọ̀

Filati 904,
Al Majaz 3,
Sharjah, U.A.E.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Azeezat, ọ̀rẹ́ tó ju ìyekan lọ,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí o fojú kan oorun? Màmá wa ní Ìṣẹ́yìn ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń gbọ́ oògùn? Mo kí gbogbo yín tọkàntọkàn. Ara tèmi le, a dúpẹ́. Etí mi ni kò sinmi.

Mo mọ̀ pé o ti ń bínú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lo fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp tí n kò fèsì. Jọ̀ọ́, forí jì mí. Nínú ilé tí mo wà yìí, bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu báyìí, ẹnìkan á ti pè mí pé kí n wá dájọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé, tí mo fi rán Mùráínà, tó wá ra ọjà ní Deira ní Dubai, tó ń padà sílé lọ́jọ́ Àìkú.

Àwọn arúgbó méjì tí mo ń tọ́jú ni o! Bàbá Bahram jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, Màámà Mahin ìyàwó wọn jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ará Iran ni àwọn méjèèjì, ó sì ti lé lógójì ọdún tí wọ́n ti ń gbé Sharjah níbí, tí Bàbá ń ta táyà kí ẹsẹ̀ tó kọ iṣẹ́. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Bí Màámà bá ṣí fèrèsé, Bàbá á ní òtútù fẹ́ pa òun. Bí Màámà bá tì í, Bàbá á ní ooru. Ibikíbi tí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀, ibì kan náà ló ń já sí.

"Ìwọ lo dáná sun bàtà mi!"

"Ìwọ lo jẹ ọsàn tó kẹ́yìn!"

Wọ́n á wá kọjú sí mi: "Bemi, ta ló jàre?" Wọn ò lè pe "Gbé" yẹn láéláé. Bàtà wo? Ọsàn wo? Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi dá ẹjọ́ tí n kò mọ orí tàbí ìdí rẹ̀.

Nígbà tó sú mi, mo jókòó ti Màámà, mo ní kí wọ́n sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1972 ni, nígbà òtútù, ní orí òkè kan ní Iran lọ́hùn-ún. Olùkọ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni Màámà, wọ́n ń lọ sílé lọ fẹ́ ọkùnrin tí bàbá wọn yàn fún wọn. Bọ́ọ̀sì kò wá, ni Màámà àti ọkùnrin oníṣòwò kan bá wọ lọ́rì tó kó ọsàn. Bàbá Bahram ló ń wà á. Wọn ò tíì rí ara wọn rí. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, ó ń bọ́, kò dáwọ́ dúró. Ó bo ọ̀nà, ó bo lọ́rì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé àpótí ọsàn kan, wọ́n sá wọ ahéré olókùúta tí àwọn darandaran fi sílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, oníṣòwò yẹn ní òun á fẹsẹ̀ rìn lọ wá ìrànlọ́wọ́. Ìgbà tí yìnyín yọ́ ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀. Nígbà tí kò padà, Bàbá náà dìde pé òun náà ń lọ. Ibi tí Bàbá ti ń wá ìborùn wọn ni Màámà ti ju bàtà Bàbá méjèèjì sínú iná, kí wọ́n má bàa lọ kú sọ́nà.

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni wọ́n lò níbẹ̀. Òtútù gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ Bàbá méjì. Èmi ni mo ń fọ ẹsẹ̀ náà láràárọ̀, mo mọ̀ ọ́n. Ní ti ọsàn tó kẹ́yìn, Bàbá ní ẹnu Màámà lòun fún un sí nígbà tí Màámà dákú. Màámà ní irọ́ ni, ta ló rí i? Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará abúlé gbẹ́ yìnyín dé ọ̀dọ̀ wọn, Màámà kò fẹ́ ọkùnrin tí bàbá wọn yàn mọ́, Bàbá Bahram ni wọ́n fẹ́.

Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ìjà ò tán. Lọ́jọ́ kan, BP Bàbá fò sókè nítorí fèrèsé kan ṣoṣo. Inú bí mi, mo pe Farhad, ọmọ wọn kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Dubai. Òun ló ń san owó oṣù mi, lórí orúkọ rẹ̀ ni visa mi sì wà. Mo ní, "Ọ̀gá, kò yẹ kí àwọn èèyàn yìí máa gbé pọ̀ mọ́. Ìjà yìí á pa ọ̀kan nínú wọn."

Azeezat, ẹyin lohùn. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tó fi wá gbé Bàbá lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Dubai.

Ilé wá dákẹ́. Lọ́jọ́ kìíní, mo sùn bí òkúta. Lọ́jọ́ kejì, Màámà ò jẹun. Lọ́jọ́ kẹta, mo bá wọn lórí àga, ètè wọn gbẹ, BP wọn ti lọ sílẹ̀ débi tí àyà mi já. Mo pariwo mọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni, mo pariwo mọ́ àgbàlagbà! Mo ní kí ni wọ́n tún fẹ́ kí n ṣe?

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Nínú ahéré yẹn, ẹni tó bá sùn kò ní jí. Ìjà la fi ń jí ara wa. Bí ojú rẹ̀ bá ń pa dé, màá bú u, á sì bú mi padà. Ta ló ń bú u níbi tó wà báyìí?"

Mo po omi ṣúgà fún wọn mu, mo fi agídí fún wọn ní ọbẹ̀ díẹ̀, mo sì pe takisí. Wákàtí méjì la fi há sójú ọ̀nà. Nígbà tí a débẹ̀, nọ́ọ̀sì kan rẹ́rìn-ín sí wa pé Bàbá kì í yọ àwọn lẹ́nu rárá, oorun ni wọ́n ń sùn látàárọ̀ dalẹ́. Bí Màámà ṣe gbọ́ oorun, wọ́n fi ọ̀pá ti nọ́ọ̀sì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Bahram! Ọ̀lẹ! Ṣé ibi tí o wá kú sí nìyí?"

Bàbá la ojú kan. "O pẹ́ kí o tó dé, ìyá oníwàhálà."

Àwọn ilé ìtọ́jú pe Farhad, ó dé, ó gbaná jẹ. Ó ní, "Sister, ṣebí ìwọ lo ní ká pín wọn níyà? Khalas! Ó ti parí! Lọ wá iṣẹ́ míì." Mo ní mo ṣì í sọ ni, ó sú mi ni mo fi sọ ọ́, kó béèrè ohun tó ń fa ìjà yẹn lọ́wọ́ wọn. Ṣé o mọ̀ pé kò gbọ́ ìtàn yìnyín yẹn rí? Wọn ò sọ fún un nítorí àfẹ́sọ́nà tí Màámà já sílẹ̀, ìtìjú ni nínú ẹbí. Bàbá sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ yẹn, Màámà sì ń tako gbogbo gbólóhùn. Farhad jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú kóòtù báńkì lọ́rùn. Nígbà tó dìde, òun fúnra rẹ̀ ló gbé àpò Bàbá lọ sínú ọkọ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi mọ́.

Àwọn méjèèjì ti wà nílé báyìí. Wọ́n ti ja ìjà mẹ́fà láti àárọ̀, orí ń fọ́ mi. Ó ṣì ń sú mi o, má rò pé mo ti di ẹni mímọ́. Ṣùgbọ́n bí ilé bá dákẹ́ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, èmi gan-an ni mo máa ń lọ béèrè lọ́wọ́ Bàbá bóyá tíì Màámà dùn.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o fi ẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi. Ìpara orúnkún Màmá wà nínú ẹrù Mùráínà. Sọ fún Kẹ́mi pé mo rí àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀, ó rẹwà.

Tìrẹ ni mí, lójò lẹ́ẹ̀rùn,
Gbémisọ́lá.