Orúkọ Tí Wọ́n Fi Sọ Ṣódípẹ̀

Bàbá mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Newton Heath, ní Manchester níbí. Láti ọjọ́ Sátidé ni mo ti dojú fọ́tò yín kọ ògiri, nítorí mi ò lè máa jẹun níwájú yín. Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ẹ ṣì rántí ìyá àgbà òyìnbó tí mo sọ fún yín lórí fóònù, aládùúgbò wa tí òun náà ń jẹ́ Ogden bíi tiwa? Postman a máa ju lẹ́tà rẹ̀ sílé wa, tiwa a sì bọ́ sílé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dọ̀rẹ́. Tọmọdé tàgbà àdúgbò ló ń pè é ní Jean. Ní tèmi, ẹnu mi kọ̀ ọ́, mi ò lè la orúkọ mọ́ ẹni tó tó bí mi lórí. Mummy Jean ni mò ń pè é, ó sì fẹ́ràn rẹ̀.

Bàbá, obìnrin yìí mọ ìtàn orúkọ rẹ̀ bí ẹni mọ ọ̀nà oko. Ó ní àfonífojì tí igi óákù wà ni ìtumọ̀ Ogden, lórí òkè lápá Rochdale. Àgùntàn ni wọ́n ń sìn níbẹ̀, inú ilé ni wọ́n ti ń hun aṣọ. Nígbà tí ẹ̀rọ dé tí aṣọ híhun nínú ilé kò bọ́ wọn mọ́, wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá sí Manchester láti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ òwú, àwọn mìíràn sì gba Amẹ́ríkà lọ. Lọ́jọ́ Sátidé, ó kó gbogbo Ogden jọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Harpurhey, ó sì ní kí èmi àti Tópẹ́ ọmọ mi wá. Wọ́n kọ orúkọ ìran wọn sórí pépà ńlá, wọ́n gbé e kọ́ ara ògiri. Mo gbé jọ̀lọ́ọ̀fù lọ, wọ́n jẹ ẹ́ tán.

Ìgbà tó yá, Mummy Jean gba máíkì, ó kọjú sí mi. "Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin wa ló lọ sí Áfíríkà, àbí, love?"

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Àgbàlagbà ń sọ̀rọ̀ láàárín ẹbí rẹ̀, ta ni yóò dìde pé kò rí bẹ́ẹ̀? Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ká ní ibẹ̀ ni mo dúró sí, ǹ bá ní ọ̀wọ̀ ló fà á. Ṣùgbọ́n wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, inú mi sì dùn. Ni mo bá ń bá a lọ. Mo ní ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ni, mo ní ó fẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá, mo ní òun ló bí baba ńlá wa. Wọ́n kọ ọ́ sórí pépà náà lójú mi. Bàbá kan dì mọ́ mi, ó ń pè mí ní cousin.

Bẹ́ẹ̀, mo mọ òtítọ́. Ẹ sọ ọ́ fún mi, ẹ sì tún sọ ọ́ fún Tópẹ́. Ọmọ kékeré ni Ṣódípẹ̀ baba ńlá wa nígbà tí ogun kó o, tí wọ́n tà á sínú ọkọ̀. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lójú òkun, ó já wọn sílẹ̀ ní Sàró. Ẹnì kan ní ìlú òyìnbó tí kò rí i rí ló fowó ránṣẹ́ sí ilé ìwé ìjọ, wọ́n sì fi orúkọ onítọ̀hún sọ ọ́. Gbogbo ohun tó pa àwa àti Ogden pọ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ẹ̀yin kì í fi í pa mọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ buwọ́ lùwé ní báńkì, ẹ ó kọ́kọ́ pe Ṣódípẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́, kẹ́ ẹ tó kọ Ogden. Èmi ni ìdè ọrùn rẹ̀ ń tì lójú. Níwájú àwọn tó ní òkè, tí wọ́n ní àgùntàn, mi ò fẹ́ jẹ́ ọmọ ẹni tí wọ́n tà. Mo wá tà á lẹ́ẹ̀kejì, Bàbá. Ojú tì mí gan-an.

Nínú bọ́ọ̀sì, a ti fẹ́ẹ̀ délé kí Tópẹ́ tó yíjú sí mi. Ó wá ní, "Mummy, kí ló dé tẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀? That's not what Grandpa told me, though."

Lónìí, lẹ́yìn ìsìn, mo lọ bá Mummy Jean nílé. Mo kúnlẹ̀ láti tọrọ àforíjì. Ó rò pé nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ mi, òun náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, ó ń bá mi wá a. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ń retí ìbínú, nítorí mo ti ba pépà rẹ̀ jẹ́. Kò bínú. Ó bu tíì fún mi, ó wá bi mí pé, "Ìyá ọmọ náà ńkọ́, love? Kí ni wọ́n ń pe ìyá rẹ̀? Ṣé ó tún fojú kan ọmọ rẹ̀?"

Bàbá, mi ò mọ̀. Ọmọ náà, ọkọ̀, Sàró, orúkọ, mo mọ gbogbo ìyẹn. Mò ń tijú rẹ̀ bí ẹni pé ojú ọ̀run lọmọ náà ti já bọ́. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé obìnrin kan ń wá a kiri nílẹ̀ Ẹ̀gbá, tó ń ké orúkọ rẹ̀.

Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n, Bàbá? Àbí ẹ̀yin náà ò béèrè? Ẹni tí mo purọ́ fún ló kọ́kọ́ béèrè ìyá wa.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ojú ń tì.