Kúnlé Ní Ẹnikẹ́ni Ò Fara Pa Rí

Sátidé, Ìkòròdú.

Kúnlé rí mi lára. Ọdún kan rèé tá a jọ ń kó àwọn oníbíìkì ńlá rìnrìn àjò, tí wọ́n sì ń sáré ìje ní pápá wa ní Ẹ̀pẹ́. Níbi àjọyọ̀ ọdún kan iṣẹ́ wa ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ó gbé máìkì, ó ní, "Ẹnikẹ́ni ò fara pa rí!"

Ṣadé, ọ̀kan lára àwọn oníbàárà wa tó kán lẹ́sẹ̀ ní pápá yẹn, wà níbẹ̀ tòun ti ọ̀pá. Ẹ̀yìn ni Kúnlé fi í sí, kí kámẹ́rà má baà rí i.

Ṣadé ní, "Bọ̀dá Kúnlé, ẹsẹ̀ tèmi ńkọ́?"

Kúnlé sọ fún àwọn èèyàn pé, "Àwàdà ló ń ṣe o!"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ìríra gbáà!

Mo gba máìkì, mo sọ òótọ́, mo sì gbé Ṣadé lọ sílé.

Kúnlé ṣẹ̀ṣẹ̀ pè. Kò béèrè Ṣadé. Ó ní mo lé oníbàárà lọ. Mo ní kó wá ẹlòmíì tí wọ́n á jọ máa purọ́.