Bí Mo Bá Fọwọ́, Ọmọ Yìí Náà Á Fọwọ́

Olóòtú wa, mo kí yín o, mo kí gbogbo ẹ̀yin tó ń gbọ́. Ìyá àgbà ará Ìlàjẹ ni mí, Warri ni mo ń gbé. N kò mọ̀wé, ìyàwó pásítọ̀ wa ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ẹ má dárúkọ mi.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ó ní òun sanra. Ara wo ló sanra? Ó ń sáré káàkiri Okumagba, àdúgbò wa, láràárọ̀, fóònù ló sì ń bá a ka kálórì inú oúnjẹ. Lóṣù tó kọjá, ó dákú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nọ́ọ̀sì ní kó máa jẹun dáadáa. Ó wá yẹ èmi náà wò, ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, kí n dín púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ tiwa, kù, kí n sì máa rìn.

Inú abọ́ kan la ti ń jẹun. Èmi ni mo kọ́ ọ pé bí àgbà bá ti fọwọ́, ọmọdé kì í bu òkèlè mọ́. Ní báyìí, bí mo bá jẹ ìwọ̀nba tèmi tí mo fọwọ́, òun náà á fọwọ́.

Mo ní, "Jẹun jàre, eegun lásán!"

Ó ní, "Mama, you don wash hand. Na you teach me."

Mo bu tirẹ̀ sọ́tọ̀, ó gbé e fún ajá. Àfi bí mo bá ń jẹ lọ ló ń jẹ, orí á sì máa fọ́ mi.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí ò yé mi mọ́. Ṣé kí n máa jẹ ni? Bí mo bá jẹun kú, ta ni yóò máa bá a jẹ?