Omi Ọmú Tí Èèrà Kú Sí

Màmá mi àtàtà,

Ẹ ti di ìyá àgbà. Obìnrin ni. Ọjọ́ kẹrin rèé tí mo bí i, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì ti dìde wò ó láti ìgbà tí mo ti mú bírò yìí. Mo fi ọwọ́ sí i níhò imú, ó ń mí. Mo tún jókòó.

Oṣù mẹ́ta péré lẹ ò lè fi dúró dè é kí ikú tó mú yín lọ. Inú ń bí mi sí yín, mo kúkú sọ ọ́. Ta ni yóò fi eyín di etí ìró mú bí ó bá ń wẹ ọmọ mi, tí yóò máa bá omi jà pé ó gbóná jù, tí yóò pe orúkọ gbogbo wa tán kó tó kan ẹni tó fẹ́ rán níṣẹ́? Àǹtí, àbúrò yín, ló wá láti Emùré-Ilé. Ó ń gbìyànjú. Ọwọ́ rẹ̀ kò dà bí tiyín.

Òun ló dán èèrà wò. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ, ẹ má sẹ́. Lọ́jọ́ tí mo bímọ, ó fún omi ọmú mi díẹ̀ sínú ṣíbí, ó ju èèrà kan sí i, a jọ tẹjú mọ́ ọn. Omi náà pọ́n, ó sì ki. Èèrà japoró díẹ̀, ó kú. Àǹtí mirí, ó ní ọmú mi korò, kí a máa fún un dànù títí yóò fi funfun. Bẹ́ẹ̀ nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí mi l'Ọ́wọ̀ ti sọ pé omi pípọ́n yẹn gan-an ni kí ọmọ kọ́kọ́ mu, pé òun ni yóò dáàbò bò ó lọ́wọ́ àìsàn. Mo gbọ́ ọ, ó sì yé mi. Àmọ́ ohùn yín ni mo ń gbọ́ lẹ́nu Àǹtí, Màmá. Ṣé mo wá lè ní kí ohùn yín dákẹ́?

Mo fún un dànù. Omi gúlúkóòsì la ń fi ṣíbí rọ sí ọmọ lẹ́nu. Ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há, nígbà tó di ọjọ́ kejì kò ké mọ́. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ó kàn ń sùn ṣáá, ètè rẹ̀ gbẹ.

Àǹtí wà lẹ́yìnkùlé, ó ń sá aṣọ ọmọ. Mi ò mọ ohun tó sọ sí mi lọ́kàn, mo mú èèrà kan lára ògiri, mo jù ú sínú omi gúlúkóòsì náà. Ó kú. Mo bu omi lásán, mo ju òmíràn sí i. Òun náà kú. Màmá, èèrà ò mọ̀ ọ́n wẹ̀ ni! Ṣé kò sí ẹnikẹ́ni nínú yín tó dán ìyẹn wò rí? Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mo gbé ọmọ, mo ti ọmú bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kò kọ́kọ́ mu ún. Mo fún un kán sí i létè. Ó lá a. Lẹ́yìn náà ló dì í mú bí ẹni tó fẹ́ jà.

Ó ti ń mu dáadáa báyìí, ó ń tọ̀, ó ń ké. Èmi ni ara mi kò balẹ̀, nítorí àkọ́bí yín, ẹ̀gbọ́n mi tí mi ò mọ̀, tó lo ọjọ́ mẹ́fà péré láyé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ sọ ọ́ fún mi, níbi tí a ti ń bó ẹ̀gẹ́, ẹ ò gbójú sókè. Ẹ ní èèrà kú sínú ọmú yín, ẹ ní ara yín ló korò tó fi kú. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ ìdí tí ẹ fi máa ń dìde lọ mú ìgbálẹ̀ bí àwọn obìnrin bá ń sọ̀rọ̀ ọmú.

Mi ò mọ ohun tó pa á. Ta ló mọ̀ ọ́n? Ṣùgbọ́n ẹ kéré nígbà náà, ọmú yín kún, wọ́n ń fún un dà sílẹ̀, ọmọ yín ń ké. Kí ló dé tí mi ò mọ̀ kí ẹ tó lọ? Ǹ bá sáré wá sọ ọ́ sí yín létí. Màmá, ọmú yín kò korò.

Èmi ni,
ọmọ yín tó mu ún dàgbà.