Oríkì Ìyá Rẹ Nínú Eré

Waliyullah,

Mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ. Orúnkún ń dùn mí. Salmah àbúrò rẹ ló ń bá mi kọ èyí.

Ó ní ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń ṣeré ìtàn lórí ẹ̀rọ, pé kálukú ń sọ ìgbésí ayé ẹni tó fẹ́ jẹ́ fún olùdarí, kí ó lè fi hun ìtàn. O wá kó ìtàn ìyá rẹ fún un: Àwẹ̀ró aláró, àti ikọ́ tó pa á! Aláìnítìjú. O kò wá síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, o kò bi mí rí bó ṣe kú. Nínú eré, ó ṣì wà láàyè, ò ń wá oògùn kiri fún un.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ilé rẹ. Fi oògùn orúnkún ránṣẹ́. Sọ fún olùdarí yín pé Àwẹ̀ró kò gbọdọ̀ kú. Bó bá kú níbẹ̀, ìwọ ni kí o sin ín. Èmi ti sin ín lẹ́ẹ̀kan.

Bàbá rẹ, Àkànó