Hóró Méjì Lójúmọ́

Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta
Oyún ti pé ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Nọ́ọ̀sì ka ọgbọ̀n hóró oògùn ẹ̀jẹ̀ fún mi, ọ̀kan lójúmọ́. Ó ní kí n máa jẹ ẹyin, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́. Ẹyin ti wọ́n — ẹ̀wà ló máa pọ̀ jù níbẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún
Adájọ́ wá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni, inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó wo Ọ̀gá Bọ́tìnì, ọmọ mi, tó ń to bọ́tìnì sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, pupa lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà, kò tíì sọ̀rọ̀. Ọ́tísíìmù ni dókítà pè é. Adájọ́ ní, “Ìyàwó, jẹun dáadáa lọ́tẹ̀ yìí o. Bisikíìtì lo fi gbé oyún èyí. Ṣé o rí ohun tó fà?”
Bisikíìtì ni mo jẹ lóòótọ́. Gbogbo ìyókù ni mo ń bì.

Ẹtì, ọjọ́ keje
Mo ṣírò ó. Bí hóró kan bá dára, méjì á dára jù ú lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́
Oògùn tán lánàá. Nọ́ọ̀sì ní, “Ọgbọ̀n ni mo kà fún ọ. Ta ló ń bá ọ jẹ ẹ́?” Mo jẹ́wọ́. Kò pariwo. Ó ní, “Ọmọ mi, oògùn kì í ṣe gbèsè tí a ń yára san tán.” Ó ní oúnjẹ gidi ń ran ọmọ inú lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi ṣe onígbọ̀wọ́ pé ọmọ ò ní ní ọ́tísíìmù. Ohun tó ń fà á pọ̀, kì í ṣe ẹ̀bi ìyá tó ń bì.
Ó wá bi mí: ẹ̀rù kí ló ń bà mí gan-an?

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún
Ìbéèrè yẹn ò lọ. Bọ́tìnì kan já bọ́ lọ́wọ́ mi. Kí n tó wá a, ọmọ ti fi irú rẹ̀ gan-an sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Kò wojú mi.
Ẹ̀rù ọmọ yìí ló ń bà mí. Mo ń jẹun kí n má baà tún bí irú rẹ̀. Òun tó jókòó tì mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n
Adájọ́ gbé ẹja wá. “Jẹ ẹ́, kí èyí má lọ jọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.” Ọmọ wà níbẹ̀.
Mo gba ẹja. Ẹja ò ṣẹ̀ mí. Mo ní, “Ẹ ṣé, Àǹtí. Bó bá sì jọ ọ́, a ti mọ bí a ṣe ń tọ́ ọ.”
Ó wo ọmọ. Ó wá bi mí bóyá ọmọ máa ń jẹ ẹja. Mo ní ó máa ń jẹ ẹ́, bí kò bá ti ní egungun.
Ó fa àwo sọ́dọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ egungun.