Ebè Mẹ́rìndínláàádọ́ta

Ojúlé Kẹsàn-án, Òkè Ọjà,
Ìlọ́fà,
Ìpínlẹ̀ Kwara.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹfà, 2025.

Adépéjú, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ ti fi Bólúwatifẹ́ sílẹ̀? Ẹ kú òjò Ìlọrin o. Ara tiwa le níbí, ìjà nìkan ló wà nílẹ̀.

Mo gbọ́ pé wọ́n sọ fún ọ pé mo ti kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì níwájú ìjọ. Irọ́ ni o! Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ bó ṣe rí.

Ní oṣù Kẹta, mo kó àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Jọ́gíráfì nílé ẹ̀kọ́ girama lọ sí oko bàbá mi. Wọ́n ti ń há orúkọ àwọn ìgbà ayé sórí látinú ìwé, kò sì yé wọn. Mo ní kí a kọ ebè mẹ́rìndínláàádọ́ta ní ìlà kan, kí ebè kọ̀ọ̀kan dúró fún ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ọdún nínú ọjọ́ orí ayé. Àwọn onímọ̀ òkúta kò pín ìgbà dọ́gba-dọ́gba, bí ìgbà ọba kan ṣe ń gùn ju ti òmíràn lọ. Ibi tí irú ẹ̀dá kan bá ti tán nínú òkúta, tí irú mìíràn sì bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n sábà máa ń fi ààlà ìgbà sí. A rin ebè tó lé ní ogójì kí a tó kan ìgbà ẹja! Nígbà tí a dé èyí tó gbẹ̀yìn, mo bu erùpẹ̀ bíńtín létí rẹ̀, mo ní gbogbo ìgbà tí àwa ènìyàn ti wà láyé nìyí. Ariwo ta. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn.

O mọ̀ pé bàbá mi ni Bàbá Ìjọ, èmi sì ni mò ń kọ́ kíláàsì àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbọ́, ó ní ayé kò ju ẹgbàáta ọdún lọ. Ó ní kí n tú ebè náà ká, kí n sì jẹ́wọ́ níwájú ìjọ pé irọ́ ni mo pa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn á gba kíláàsì náà lọ́wọ́ mi. Péjú, ó dùn mí. Èmi ni mo kọ́ àwọn ọmọ yẹn lórin láti kékeré. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tí mò ń sìn kì í kánjú, n kò sì ní fi irọ́ gbè é lẹ́yìn.

Kí Bàbá tó dé oko lọ́jọ́ kejì, mo ti gbin èbù sí gbogbo ebè náà. Ìwọ náà mọ̀ pé àgbẹ̀ kì í tú ebè tí iṣu wà nínú rẹ̀. Ó dúró, ó wo ìlà náà títí.

“Uṣu lo gbìn sí i, Ìyìn?”

Mo ní, “Uṣu ni, Bàbá mi.”

Ó kẹ̀yìn sí mi, ó lọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi wọ́n gbé kíláàsì mi fún Ọládiméjì. Ìjókòó iwájú ni mo jókòó sí, mo sì kọrin ju gbogbo wọn lọ.

Lánàá, mo bá Bàbá lóko. Ó ń gún ọ̀pá, ó ń fa ìtàkùn iṣu gùn ún, láti ebè àkọ́kọ́ dé èyí tó gbẹ̀yìn. N kò sì bẹ̀ ẹ́.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi gbá Bólúwatifẹ́ mọ́ra. Rí i pé o wá sílé fún ìkórè. Iṣu yẹn ni màá rù lọ síwájú pẹpẹ. Wọn á gbàdúrà sí i, wọn á gún un níyán, wọn á sì jẹ gbogbo ọdún inú rẹ̀ yó.

Èmi ni tìrẹ tí kò kúnlẹ̀,
Ìyìnolúwa.